Obìnrin tí Sítáǹpù Bò Lójú

Mo ń to àwọn káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ mi, àwọn aláwòrán, sára pátákó ní gbọ̀ngàn ìlú Saint-Aubry, mo sì ń tò wọ́n bí odò ṣe ń ṣàn. Àwọn akójọ káàdì mìíràn, ìyẹn àwọn tó ń kó o jọ bíi tèmi, a máa to tiwọn ní ọdún sí ọdún, tàbí kí wọ́n pín wọn sí orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ọlọ ìyẹ̀fun ní òkè odò Mayenne ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: afárá olókùúta, ibi tí àwọn ẹṣin ti ń mumi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí bọ́ǹbù wó lulẹ̀ nígbà ogun. Mo fẹ́ kí ó rí lójú ẹni tó bá kọjá níwájú pátákó náà bí ìgbà tó ń gba etí odò lọ, láyé ìgbà tí àwọn bàbá wa àgbà ṣì ń wọ bàtà onígi.

Ọdún 1995 ni. Ọjọ́ ọjà káàdì ni, èyí tí a máa ń ná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ti Laval àti Angers wá pẹ̀lú àpótí bàtà tí káàdì àtijọ́ kún inú wọn bámúbámú. Àwọn oníbàárà tẹ orí ba, wọ́n ń fi ìka ṣí káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo gbọ̀ngàn náà sì ń dún wérewère bí ìgbà tí adìẹ ń tan ewé gbígbẹ. Èmi kì í tà. Títún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, káàdì sì ni mo fi ń sinmi. Mo kàn ń pàtẹ tèmi kí àwọn ará ìlú lè wá wò ó ni.

Mo ń gún píìnì tó gbẹ̀yìn nígbà tí ọ̀pá kan gbá pátákó mi lẹ́sẹ̀. Màámá Sidonie Gandon ni, ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ń gbé ní ilé kékeré ìsàlẹ̀ afárá.

"Anselme, o fo nǹkan kan."

"Kí ni mo fò, Màámá?"

"Láàárín afárá àti ibi táwọn ẹṣin ti ń mumi. Ọkọ̀ ìfọṣọ dà?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ń dùn mí. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ gígùn ni ọkọ̀ ìfọṣọ, ó ní òrùlé, wọ́n sì fi ṣéènì dè é mọ́ etí odò. Àwọn alágbàfọ̀ a kúnlẹ̀ lórí ìlà nínú rẹ̀, wọ́n a máa lu aṣọ, wọ́n a máa fi omi ṣan án. Bí odò bá kún, ọkọ̀ náà a gòkè. Bí odò bá fà, a sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà kò sí ìgbà tí omi jìnnà sí ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju gbogbo ẹ̀rọ tí mo ti tún ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti rì kí wọ́n tó bí mi, n kò sì rí káàdì rẹ̀ rí.

"Ó jọ pé wọn ò tẹ̀ ẹ́, Màámá. Mo ti wá a tì."

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wà nínú ẹ̀."

Ó jókòó sórí àga mi láìtọrọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi. Àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ọdún 1918 ló pa ìyá rẹ̀, nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Àǹtí rẹ̀, Clémence, ló tọ́ ọ. Fọ́tò ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú ilé Àǹtí Clémence, ilé yẹn sì jóná pẹ̀lú ìdajì àdúgbò nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

"Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ mi àkọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Kò sí àyè láti máa sunkún fọ́tò. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà wàyí, àyè ti wà. Mo rántí òórùn ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá mi. Mo rántí bó ṣe máa ń pariwo mọ́ mi tí mo bá fẹ́ já sínú omi. Ojú ẹ̀ ni mi ò rántí, Anselme. Tí mo bá kú tí mo dé ọ̀hún, ṣé kí n wá máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo obìnrin ni pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ta ló sọ fún yín pé ó wà nínú káàdì?"

"Àǹtí mi. Àwọn méjèèjì jọ ń fọṣọ níbẹ̀ kí ìyá mi tó lọ́kọ ni. Oníàwòrán wá, ó ní kí gbogbo wọn kúnlẹ̀ bíi pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní, 'Aṣọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún, àti Ọlọ́run. Mi ò kúnlẹ̀ fún oníàwòrán.' Ló bá dúró ní tiẹ̀, ní ìkángun ọ̀tún."

Hyacinthe Lemesle wà ní tábìlì tó tẹ̀ lé tèmi. Òun náà jẹ́ akójọ, ṣùgbọ́n ohun tí òun ń wá yàtọ̀. Apínlẹ́tà ìlú wa ni fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà sítáǹpù àti òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló jẹ ẹ́ lógún. Èmi a máa wo iwájú káàdì, òun a máa wo ẹ̀yìn, a sì ti fi èyí bú ara wa títí ó fi di oúnjẹ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ o, òǹwòran." Èmi náà dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra màlúù tẹ́ ẹ wá ń ka ìrù ẹ̀." Àmọ́ bí Màámá Sidonie ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Hyacinthe kò dá sí i. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fa àpò kan yọ, ó sì gbé káàdì kan síwájú wa.

Ọkọ̀ ìfọṣọ ni. Káàdì aláwọ̀ ni, tí ọjọ́ ti sọ àwọ̀ rẹ̀ di omi tíì. Mo rí ṣéènì, mo rí òrùlé, mo rí ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń bọ aṣọ. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ nínú àpótí onígi tí wọ́n tẹ́ koríko sí. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró, ní ìkángun ọ̀tún, nínú épírọ́ọ̀nù, pẹ̀lú igi ìlùṣọ lọ́wọ́. Láti ọrùn rẹ̀ lọ sókè, sítáǹpù aláwọ̀ ewé ni.

Màámá Sidonie rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò dé ìparí.

"Àǹtí mi rèé, ẹni kejì yìí. Imú ẹ̀ nìyẹn, kò yí padà títí ó fi kú." Ó gbé ìka lé sítáǹpù náà. "Ẹ wá fi èyí dí ìyá mi lójú."

"Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀ o, Màámá," ni Hyacinthe wí.

Òótọ́ ni. Àṣà àwọn akójọ ìgbà yẹn ni. Wọn kì í fẹ́ kí sítáǹpù wà lẹ́yìn káàdì. Wọ́n a bẹ ọ̀rẹ́ wọn pé kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwòrán, ní igun ọ̀tún lókè, kí àwòrán àti òǹtẹ̀ lè jọ hàn pa pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń to káàdì sí. Àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ sítáǹpù. Ẹni tó kọ̀ láti kúnlẹ̀, òun ló bá a pàdé.

"Ẹ ṣí i kúrò," ni Màámá Sidonie wí.

Hyacinthe fi ọwọ́ nu ẹnu. "Màámá, ẹ má bínú. Ẹ wo òǹtẹ̀ yìí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wa ò lò ó pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ìdajì ẹ̀ wà lórí sítáǹpù, ìdajì wà lórí káàdì. Tá a bá ṣí sítáǹpù, òǹtẹ̀ ti là sí méjì nìyẹn. Ẹlẹ́gbẹ́ mi kankan ò tún ní kà á sí mọ́."

"Hyacinthe, tí òjò bá pa ọ́ lórí kẹ̀kẹ́, iná ta ni o máa ń yá?"

"Iná yín ni, Màámá."

"Ìbọ̀sẹ̀ ta ni mo máa ń sá sí ẹ̀bá ààrò mi, tí òórùn ẹ̀ ń lé ológbò jáde?"

Àwọn tó wà ní tòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú Hyacinthe pọ́n títí dé etí.

"Ìbọ̀sẹ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ yàtọ̀ sí òǹtẹ̀, Màámá. Mo fi ọdún púpọ̀ wá káàdì yìí."

"Èmi náà fi ọdún púpọ̀ wá a." Ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. "Mi ò ní bẹ̀ ọ́."

Ó sì lọ.

Nígbà tí ọjà tú, mo bá Hyacinthe dé ilé rẹ̀. Mo rò pé màá bá a jà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ tó ń wo káàdì náà, mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tí ó fẹ́ràn ló ń dáàbò bò. Ó ṣí ìwé sítáǹpù rẹ̀ láti fi nǹkan ṣeré, ó sì ń fi bébà pélébé tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn lẹ sítáǹpù tuntun kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn akójọ sítáǹpù nídìí iṣẹ́ wọn á mọ̀ ọ́n: wọ́n a ká bébà náà sí méjì, wọ́n a lẹ apá kan mọ́ ẹ̀yìn sítáǹpù, apá kejì mọ́ ìwé, tí sítáǹpù fi lè ṣí sókè kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ títí, mo wá pariwo.

"Hyacinthe! Ilẹ̀kùn!"

"Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn."

"Sítáǹpù ni mò ń wí! Ká ṣí i, ká tún fi bébà yín yìí lẹ̀ ẹ́ padà sí ojú ibi tó wà gan-an. Tá a bá pa á dé, òǹtẹ̀ yín á pé rọ́ndọ́. Tá a bá ṣí i, obìnrin náà á yọjú."

Ó gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. "Tó bá ya ńkọ́?"

"Tó bá ya, káàdì àkúnya odò mi di tiyín."

Ó mọ káàdì yẹn. Gbogbo Saint-Aubry ló mọ̀ ọ́n: omi dé fèrèsé ilé burẹ́dì, oníburẹ́dì wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń na burẹ́dì sókè fún ẹnì kan tó wà lórí òrùlé. Kò sí èkejì rẹ̀ tí mo mọ̀.

"Ẹ gbé e wá síbí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mi," ni Hyacinthe wí, "nítorí mo mọ̀ yín."

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀, níwájú fèrèsé ilé ìdáná Hyacinthe, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ni mo kọ́kọ́ gbé lé ojú káàdì. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò gidi, ojú rẹ̀ ì bá máa dán gbinrin, ọ̀rinrin díẹ̀ sì lè mú kí awọ orí rẹ̀ wú, kó bá sítáǹpù lọ. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ìlà wíńníwíńní tó ń lọ́ bí ekòló. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni, yíǹkì olóróró. Òróró kì í bá omi da nǹkan pọ̀, nítorí náà dúdú àwòrán náà kò ní bẹ̀rù omi.

Àwọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ wọ̀nyẹn: wọ́n á gé ihò sínú bébà líle bí ìrísí òrùlé tàbí ti épírọ́ọ̀nù, wọ́n á gbé e lé káàdì, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá àwọ̀ sójú ihò náà. Àwọ̀ olómi ni. Omi ló gbé e wá, omi sì lè gbé e lọ.

Hyacinthe ní àwọn káàdì yẹpẹrẹ láti ilé ìtẹ̀wé kan náà, tí sítáǹpù wà lójú tiwọn náà. Mo fi àkọ́kọ́ dán an wò. Mo gé bébà tó ń fa yíǹkì sí ìwọ̀n sítáǹpù, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fún un, mo sì gbé e lé e. Sítáǹpù ṣí wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo abẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé pápá ti ṣàn wọ inú màlúù tó wà nínú àwòrán náà.

"Ó ti jẹ koríko yó," ni Hyacinthe wí, "òun fúnra ẹ̀ ti wá di koríko. Anselme, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe ìyá oníìyá?"

"Ẹ fún mi láyè."

Omi ti pọ̀ jù. Ọ̀rinrin lásán ni mo nílò, èyí tó lè wọ inú gọ́ọ̀mù láìdé ibi àwọ̀. Mo tún rẹ bébà mìíràn, mo fún un, mo sì jẹ́ kó wà nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kàn tutù lásán bí imú ajá. Mo wá kọ́kọ́ tẹ́ bébà gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sórí sítáǹpù, mo gbé èyí tó tutù lé e, mo gbé dígí kékeré lé gbogbo rẹ̀, mo sì dúró. Nígbà tí mo rò pé ó tó, mo tún dúró sí i. Sítáǹpù kejì ṣí. Ilé ìjọsìn kan wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀run sì wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn náà láìṣàn sí ibì kankan.

Hyacinthe fi awò rẹ̀ wò ó. Ó yọ awò náà. Ó tún fi í sójú.

"Ẹ bọ́ sí i," ló wí.

A ti ránṣẹ́ pe Màámá Sidonie, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní wá. Ó ní bí òun bá wà níbẹ̀, òun á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, òun á sì bà á jẹ́. Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. Mo tẹ́ bébà gbígbẹ, mo tẹ́ ọlọ́rinrin, mo gbé dígí lé e. Hyacinthe gbé kọfí kaná, kò sì rántí dà á. Mo ti fi ọ̀bẹ fá ọ̀pá ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kan títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju èékánná lọ, nítorí irin kì í mọ ìgbà tó ti já nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹ́ á tẹ̀ kó tó já a. Ẹ̀gbẹ́ tí òǹtẹ̀ kò dé ni mo ti fi ìyẹ́ náà wọ abẹ́ rẹ̀. N kò tì í. Mo kàn ń mì ín díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí ọmọ ọwọ́. Ní ibi kan ó kọ̀. Mo yọ ọwọ́, mo dá bébà padà sórí rẹ̀, mo tún dúró.

Lẹ́yìn náà ni sítáǹpù náà fi ara rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ẹ̀mú kékeré gbé e lé bébà gbígbẹ. Hyacinthe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó pé," ló wí. "Kò sí èyí tó kán. Anselme, ó pé!"

Mo ti tẹjú mọ́ káàdì, ló bá wo ibi tí mò ń wò.

Àwọ̀ gbogbo káàdì náà ti ṣá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́ láti ọdún mọ́dún. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò dé abẹ́ sítáǹpù rí. Igun kékeré yẹn ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ọjọ́ tí obìnrin ilé iṣẹ́ kan gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lórí rẹ̀. Ojú ọ̀run rẹ̀ búlúù. Ìborí funfun wà lórí obìnrin náà, irun pupa sì yọ díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ètè rẹ̀ yà díẹ̀, bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ sọ tó bá ti ṣe tán.

Hyacinthe gbé awò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ bi wá pé níbo la ti wà látàárọ̀," ló wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ ilẹ̀kùn náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ bébà yẹn ju tèmi lọ. Ó ká a ní apá òkè, kí sítáǹpù lè máa ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Ó fi ẹ̀mú sún un síhìn-ín sún un sọ́hùn-ún títí àwọn ìlà òǹtẹ̀ fi bára wọn mu. Nígbà tí ó pa á dé, bí ènìyàn kò bá mọ̀, kò lè mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé ilé ìsàlẹ̀ afárá. Màámá Sidonie ti nu tábìlì, ó ti wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ti gbé àtùpà súnmọ́ ìtòsí. Ó gba káàdì náà, ó wo sítáǹpù lójú rẹ̀, ó wò wá.

"Ẹ ò rí i ṣí."

"Ẹ fi èékánná yín gbé e, Màámá," ni mo wí. "Láti ìsàlẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ó gbé e.

Aago ara ògiri rẹ̀ ń lọ, ológbò wọlé, ó tún jáde.

"Màámi," ló wí, "ẹ kúùrọ̀lẹ́ o."

Ó wò ó sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọdé ni! Ẹ wò ó. Ọmọ ọmọ mi ju èyí lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń rò ó, àgbàlagbà ni mo máa ń rí. Mo ti ń bẹ̀rù ọmọdé yìí látọjọ́ yìí."

Hyacinthe mú káàdì àkúnya odò mi jáde nínú àpò kóòtù rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́ láìwò mí. Ó wá fún Màámá Sidonie ní àpò tí káàdì ọkọ̀ ìfọṣọ ń gbé inú rẹ̀.

"Ẹ máa fi í síbí, Màámá. Ọ̀dọ̀ yín ló máa wà."

"Òǹtẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Màá máa wá wò ó ní ọjọ́ Sunday."

"Ọtí ápù á wà nílẹ̀. Kó o wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ o."

Mo rí i pé mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí akójọ èyíkéyìí máa sọ. Mo ní kó máa pa sítáǹpù náà dé bí ó bá ti wò ó tán, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ba àwọ̀ ìyókù jẹ́, yóò sì ba èyí náà jẹ́ bí ó bá ń rí i lójoojúmọ́. Màámá Sidonie gbọ́ mi dé òpin. Ó gbé káàdì náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níwájú fèrèsé tó dojú kọ odò, ó fi ìgò jáàmù kan tì í lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí.

"Ó ti pẹ́ nínú òkùnkùn tó," ló wí.

Èmi àti Hyacinthe, tá a ti ń sá oòrùn fún káàdì láti ìgbà èwe wa, wo ara wa. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday tí a bá dé ibẹ̀ láti ìgbà náà, ojú ọ̀run ẹ̀yìn orí obìnrin náà a ti fi díẹ̀ ṣá ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, Màámá Sidonie a sì jókòó ní iwájú rẹ̀, a máa ṣẹ́ ewébẹ̀, a máa bá a sọ̀rọ̀.